Ẹ̀ṣọ́ Ẹnu Ihò Wáyà

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa, ti Ìdìrókò kò sì ṣí padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Kí ọdún 2019 tó parí, Kọ́sítọ̀ọ̀mù tún ní kí wọ́n má gbé epo lọ sí ilé epo kankan tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè. Gbogbo ará Yewa ní agbègbè ẹnubodè yẹn ló mọ bó ṣe rí. Ìyá tó ń fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gẹ́, tí kò gbé ohunkóhun kọjá ààlà rí láyé rẹ̀, ń wá epo kiri. Onífàyàwọ́ ní tirẹ̀ ti mọ ọ̀nà inú igbó. Síbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ onírẹsì wà tí wọ́n ní títì yẹn ló jẹ́ kí àwọn rí ọjà tà. Títí dòní, bí èèyàn méjì bá jókòó sọ ọ́ ní Ìlaròó, ilẹ̀ á ṣú kí wọ́n tó parí rẹ̀.

Irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ló ń wáyé láàárín àwọn tó ń tọ́jú nẹ́tíwọ̀kì bí ẹnìkan bá ti dárúkọ 802.1X. Orúkọ náà le lẹ́nu, ohun tó ń ṣe kò le. Ìlànà kan ni tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní IEEE kọ́kọ́ gbé jáde ní 2001, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2004, 2010 àti 2020. Ó ní kí ihò tí a ń ki wáyà bọ̀ lára switch, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń so wáyà àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, má gba ẹnikẹ́ni wọlé títí onítọ̀hún yóò fi sọ ẹni tó jẹ́, tí wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò pé òótọ́ ló sọ. Àwọn kan ní ẹni tí kò bá lò ó kàn ń fi dúkìá rẹ̀ ṣeré ni. Àwọn mìíràn ní wàhálà tó ń kó báni ju olè tó ń lé lọ.

Ibi tí mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lé kì í ṣe báńkì ńlá ní Èkó. Ìlú bí Òkè-Ọ̀dàn ni, láàárín Ìlaròó àti Ìdìrókò: ilé ẹ̀kọ́ tó ní yàrá kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kàfé tó ń bá ọmọ tó fẹ́ wọ Pólì Ìlaròó gba fọ́ọ̀mù, gbọ̀ngàn ìdánwò JAMB tí ẹnìkan tó lówó lọ́wọ́ ń rò láti kọ́. Bí ẹni tó ń bá wọn fa wáyà bá ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi 802.1X sí i," ṣé kí wọ́n gbà?

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ihò. Ẹ mú kọ̀ǹpútà kan, ẹ ki wáyà rẹ̀ bọ ihò keje lára switch. Iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà tàn, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti wọlé. Kò tíì wọlé. Ọ̀nà méjì ló wà nínú ihò kan ṣoṣo yẹn. Èyí tí gbogbo iṣẹ́ ń gbà kọjá, pípa ló wà. Èkejì ṣí, àmọ́ kì í gbé nǹkan mìíràn ju ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ lọ. Ojú ọ̀nà kékeré yìí ni switch ti ń béèrè pé, ta ni ọ́? Kọ̀ǹpútà á dárúkọ. Èdè tí wọ́n fi ń sọ ọ́ ni EAP. Bó bá ń gba orí wáyà láàárín kọ̀ǹpútà àti switch, EAPOL ni wọ́n ń pè é. Switch kò mọ orúkọ náà, kò sì sí ìwé orúkọ kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn máa tú ọ̀rọ̀ náà, á tún un dì ní ìlànà mìíràn tó ń jẹ́ RADIUS, á sì fi ránṣẹ́ sí sáfà tó mọ gbogbo ènìyàn. Láti ìgbà náà lọ, sáfà àti kọ̀ǹpútà ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Switch ń gbé e lọ, ó ń gbé e bọ̀, kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí sáfà bá ní kó gbà á, ihò ṣí. Bí ó bá ní kó má gbà á, iná kékeré yẹn lè máa tàn títí di ọ̀la.

Ìlànà RADIUS yẹn dàgbà ju 802.1X fúnra rẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ Livingston Enterprises ní Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀ ní 1991, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi wáyà tẹlifóònù pe íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ orí yẹn yóò wúlò fún wa níwájú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé "gbà á" tí sáfà ń sọ kì í lọ ní òun nìkan. Ó lè so àṣẹ mọ́ ọn. Ó lè ní: gbà á, àmọ́ apá nẹ́tíwọ̀kì tí wọ́n ń pè ní VLAN 20 ni kó wà, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà, kó má rí kọ̀ǹpútà bọ́sà. Ó lè ní: gbà á fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà tún bi í léèrè. Ó lè ní: gbà á, àmọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti sáfà ìdánwò nìkan ni kó bá sọ̀rọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ihò keje tí tíṣà lò ní àárọ̀ tó sì ń rí ìwé èsì, ọmọ JSS lè lò ó ní ọ̀sán kó má rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ohun tí wọ́n yọ̀ǹda fún un lọ. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ló ń sọ ohun tí ihò jẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi àfikún kan sí RADIUS, tí wọ́n tún kọ ní 2008, sáfà tún lè pe switch padà láàárín iṣẹ́ pé, ẹni tí mo ní kí o gbà lẹ́ẹ̀kan, yọ ọ́. Switch náà ń ròyìn fún sáfà: ìgbà tí ẹni náà wọlé, ìgbà tó jáde, iye dátà tó gbé.

Ti wáífáì kò yàtọ̀. Kò sí ihò tí a lè fọwọ́ kàn, nítorí náà wọ́n ka ìsopọ̀ fóònù kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀rọ wáífáì sí ihò kan. Níbi tí fóònù bá ti béèrè orúkọ àti páásìwọ́ọ̀dù, tí kò béèrè páásìwọ́ọ̀dù nìkan, 802.1X ni ẹ ń bá pàdé níbẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bi yín léèrè pé, páásìwọ́ọ̀dù wáífáì ilé ẹ̀kọ́ yín, ẹni mélòó ló mọ̀ ọ́n? Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n. Ọmọ SS2 kan gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ IT, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gun ọ̀kadà, kò sì pẹ́ tí ọ̀kadà márùn-ún fi ń sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ láìgbé èrò kankan. Bí ẹ bá yí i padà, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sínú gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ó ti tún dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà. Lábẹ́ 802.1X, olúkúlùkù ló ní tirẹ̀. Bí tíṣà kan bá gba ìyípadà lọ sí Ayétòrò, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú sáfà, àwọn tó kù kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bí fóònù ọ̀gá bá sọnù nínú ọkọ̀, ti ọ̀gá nìkan ni ẹ ó yí. Lójú tèmi, ibí yìí ni èrè rẹ̀ pọ̀ sí ju pé ó ń lé àjèjì lọ: pé a lè mú ẹnìkan kúrò láìda ilé rú, pé bí nǹkan bá sì bàjẹ́, a mọ orúkọ ta ni ó wà lórí ihò wo, ní aago mélòó.

Oníkàfé ní pàtàkì, kò yẹ kó fojú di èyí. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 2015, ní abala keje rẹ̀, ní kí oníkàfé forúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kó sì máa ní ìwé tí àwọn oníbàárà ń kọ orúkọ wọn sí. Ìwé aláwọ̀ ewé tó wà lórí kàǹtà, tí wọ́n ń fi báírò kọ "Bọ́lá" àti "Alhaji" sí, ṣòro láti fi dá ẹnikẹ́ni láre bí ọlọ́pàá bá dé. Àkọsílẹ̀ tí RADIUS ń ṣe sàn ju ìyẹn lọ fíìfíì, nítorí pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́, ó sì kọ aago sí i.

Ẹ̀rí tó tóbi jù lọ lọ́wọ́ àwọn tó fara mọ́ ọn ni eduroam. Ní 2002, Klaas Wierenga, tó ń ṣiṣẹ́ ní SURFnet ní orílẹ̀-èdè Netherlands, dá a lábàá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan lè dé yunifásítì mìíràn kó lo orúkọ àti páásìwọ́ọ̀dù ilé rẹ̀ níbẹ̀. Orí 802.1X àti RADIUS ló gbé e kà. Lónìí, ó ti lé ní orílẹ̀-èdè 100 tó wà nínú rẹ̀. Ní ìhà tiwa, àjọ WACREN tó fi Accra ṣe ibùjókòó, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Gánà ní 2010, ló ń so àwọn nẹ́tíwọ̀kì ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Áfíríkà pọ̀. Eko-Konnect ní Èkó sì wà lára àwọn tó ń bá wa gbé eduroam wọlé sí Nàìjíríà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Olùkọ́ láti Èkó dé Accra, fóònù rẹ̀ rí orúkọ "eduroam," ó dárúkọ. Ẹ̀rọ wáífáì Accra kò mọ̀ ọ́n rárá. Ó wo ohun tó wà lẹ́yìn àmì @ nínú orúkọ rẹ̀, ó rí i pé ará Nàìjíríà ni, ó sì ju ìbéèrè náà sókè láti sáfà dé sáfà títí yóò fi dé yunifásítì tirẹ̀ gan-an. Ilé rẹ̀ ló ń dáhùn pé, "Tiwa ni, ẹ gbà á." Accra kò rí páásìwọ́ọ̀dù yẹn, bí wọ́n bá sì ṣètò rẹ̀ dáadáa, kò ní rí orúkọ gidi pàápàá, kìkì ilé tó ti wá. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889, tó fi Kétu sí ọ̀hún tó fi Ìlaròó sí ìhín, àwọn ọmọ ìyá kan náà ń ko ẹ̀ṣọ́ lórí rẹ̀ títí dòní. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ohun tí wọ́n ṣe láti fi dènà lẹ́nu ihò ni àwọn yunifásítì sọ di ohun tí wọ́n fi ń ré ààlà kọjá.

Ó tó báyìí fún ìyìn. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti àwọn tó ní kí á má dán an wò, nítorí pé tiwọn ló sún mọ́ Òkè-Ọ̀dàn jù.

Ẹ wo kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Inú rẹ̀ ni bátìrì kékeré kan wà, tó rí bí kọ́bọ̀, tó ń bá a rántí aago bí wọ́n bá pa á. Lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó dé láti òkèèrè, bátìrì yìí ti kú kó tó gúnlẹ̀. Iná lọ, iná dé, kọ̀ǹpútà jí, ó sì gbà pé ọdún 2009 la wà. Lójoojúmọ́ ayé èyí kì í pa ẹnikẹ́ni lára; ẹni tó ń tẹ lẹ́tà kò bìkítà. Àmọ́ nínú 802.1X tí wọ́n ṣe dáadáa, kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan ló ń fi ara rẹ̀ hàn. Sáfà náà ń fi ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ han kọ̀ǹpútà, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ayédèrú sáfà dúró. Kọ̀ǹpútà wò ó, ó rí i pé 2025 ni ìwé ẹ̀rí náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, òun sì wà ní 2009, ó ní irọ́ ni, ó kọ̀ ọ́. Ihò kò ṣí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí nẹ́tíwọ̀kì ni kọ̀ǹpútà ti ń gba aago tó tọ̀nà. Kò lè wọlé nítorí aago, kò lè rí aago nítorí kò wọlé. Ọmọ tó jókòó sídìí rẹ̀ kò rí nǹkan kan ju pé "kò gbé íntánẹ́ẹ̀tì" lọ. Tíṣà kọ̀ǹpútà tó bá lè tú àdììtú yìí ní ìdajì wákàtí ń bẹ, àmọ́ kò pọ̀, owó oṣù tí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ń san kò sì lè dá a dúró pẹ́.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tún ni òmíràn. Ọ̀pọ̀ wọn, àti kámẹ́rà tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, kò gbọ́ EAP. Switch bi wọ́n léèrè, wọ́n dákẹ́. Lórí switch Cisco tí wọn kò yí ètò rẹ̀ padà, ó lè bi í lẹ́ẹ̀mẹta kó sì dúró ìṣẹ́jú àáyá 30 lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ nìyẹn, á sì ti sú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti máa béèrè àdírẹ́sì. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yanjú rẹ̀ ni pé kí switch wo nọ́ńbà MAC tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ náà láti ilé iṣẹ́, kó fi ìyẹn ṣe orúkọ rẹ̀. Ọ̀nà inú igbó ti ṣí nìyẹn. Nọ́ńbà MAC, ẹnikẹ́ni lè kà á lára ìwé tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kó fi sínú láàpútọ́ọ̀pù tirẹ̀, kó yọ wáyà ìtẹ̀wé, kó ki tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Nǹkan tí ọmọ Pólì lè ṣe kí omi tó hó ni.

Switch olówó pọ́ọ́kú sì wà nílẹ̀, oníhò márùn-ún, tí wọ́n ń tà bí búrẹ́dì ní ọjà Computer Village. Akọ̀wé kan fẹ́ kí kọ̀ǹpútà òun àti ti ẹnìkejì òun lo wáyà kan, ó rà á, ó fi sí abẹ́ tábìlì. Bí ihò tó wà lókè bá jẹ́ irú èyí tó ń yẹ ẹni àkọ́kọ́ wò nìkan, ẹni àkọ́kọ́ dárúkọ, àwọn mẹ́ta tó kù tẹ̀ lé e wọlé láìsọ̀rọ̀. Ní 2005, Steve Riley, tó ń ṣiṣẹ́ ní Microsoft nígbà náà, ti pe àkíyèsí sí i pé lórí wáyà, ẹnu ọ̀nà nìkan ni 802.1X ti ń yẹni wò. Lẹ́yìn tí ihò bá ti ṣí, kò mọ bóyá ẹni tó gbà wọlé ló ṣì ń sọ̀rọ̀. Àtúnṣe wà. Wọ́n gbé MACsec jáde ní 2006, tó ń fi àṣírí bo ohun gbogbo tó ń gba orí wáyà, ìlànà 802.1X ti 2010 sì so ó mọ́ ara rẹ̀. Àmọ́ switch tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í ṣe èyí tí ilé ẹ̀kọ́ Òkè-Ọ̀dàn ń rà.

Ọjọ́ orí RADIUS tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà ti dé bá a. Ní oṣù keje 2024, àwọn onímọ̀ kan fi hàn pé ẹni tó bá wà láàárín switch àti sáfà lè sọ "má gbà á" di "gbà á," nítorí ọgbọ́n MD5 tí wọ́n fi ń dáàbò bò ó ti gbó. Blast-RADIUS ni wọ́n pè é. Kí n má purọ́ mọ́ 802.1X: ibi tí wọ́n ti ń lo EAP kò sí nínú ewu yẹn, torí EAP ti ń béèrè ààbò mìíràn lé e. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi nọ́ńbà MAC wọlé ló yẹ kó máa wẹ̀yìn wò.

Iná wá ńkọ́? Sáfà tó ń dájọ́ kò gbọdọ̀ sùn. Bí NEPA bá mú iná lọ tí ìnífátà gbé switch tí kò gbé sáfà, ihò kankan kò ní ṣí fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ọmọ tó fẹ́ tẹ ìwé láti kọ̀ǹpútà sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n jọ wà nínú yàrá kan kò ní lè tẹ̀ ẹ́. Èèyàn lè ṣètò pé bí switch kò bá gbọ́ ohùn sáfà, kó máa gba gbogbo ayé. Èyí náà dára, títí olè yóò fi mọ̀ pé wáyà iná sáfà nìkan lòun ní láti yọ.

JAMB ló ń jẹ́ kí n má lè sáré dájọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti 2015 ni UTME, ìdánwò tí JAMB ń ṣe, ti di ti kọ̀ǹpútà pátápátá, ibùdó tó bá sì fẹ́ gba àṣẹ gbọ́dọ̀ ní kọ̀ǹpútà 250 ó kéré tán. Ohun tó yẹ kó ba onígbọ̀ngàn lẹ́rù ni pé kí ẹnìkan fa wáyà gba inú àjà lọ sí yàrá ẹ̀yìn, kí olùrànlọ́wọ́ jókòó síbẹ̀ máa dáhùn ìbéèrè fún ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn. Kò sí ohun tó bá 802.1X mu bí èyí. Ihò 250, kọ̀ǹpútà 250, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Wáyà kankan tó bá yọjú láti inú àjà kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá ní ìyẹn kò wúlò, kò tíì rí bí ọmọ ọlọ́mọ ṣe ń sunkún nítorí èsì tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2025 gan-an. Ní oṣù karùn-ún, JAMB jẹ́wọ́ pé sáfà tó ń ṣiṣẹ́ fún ibùdó 157, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò, kò gba àtúnṣe tó yẹ kó gbà. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, ọ̀gá àgbà JAMB, sunkún níwájú àwọn oníròyìn. Kì í ṣe àjèjì tó wọ inú nẹ́tíwọ̀kì ni wọ́n ní ó fà á. Sáfà tí ẹnìkan gbàgbé ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi sáfà mìíràn kún èyí tó wà nílẹ̀, tí gbogbo ihò yóò sì máa retí ẹnu rẹ̀, kó ro ìyẹn dáadáa.

Nígbà tó yá lọ́dún kan náà, ìgbìmọ̀ tí JAMB gbé kalẹ̀ lórí jìbìtì ìdánwò jábọ̀ pé àwọn rí 4,251 ibi tí wọ́n ti po ìka ọwọ́ èèyàn méjì pọ̀ nígbà ìforúkọsílẹ̀, àti 190 ibi tí wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà yí àwòrán ojú ẹni dà di ti ẹlòmíràn. Àwọn wọ̀nyí kò fa wáyà kankan. Orúkọ tí ẹ̀rọ mọ̀ ni wọ́n gbé wá, ẹ̀rọ sì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. 802.1X náà yóò gbà wọ́n. Ó lè sọ pé kọ̀ǹpútà yìí ni kọ̀ǹpútà tí mo mọ̀, pé orúkọ yìí ni orúkọ tó wà nínú ìwé. Kò lè sọ ẹni tó jókòó lórí àga. Bó bá sì jẹ́ onígbọ̀ngàn fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ṣe màgòmágó ńkọ́? Ọwọ́ rẹ̀ ni sáfà wà. Òun ló ń kọ orúkọ sínú ìwé. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ó ku ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan. Ìwé tó ń sọ ẹni tó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì ní aago méjì òru, àti ibi tó wà, kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí gbogbo ọmọ IT ń lò. Láti 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ẹni. Ẹni tó bá ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí tó fi ń kó o, ìgbà tí yóò sì pa á rẹ́. Ìwé aláwọ̀ ewé orí kàǹtà kì í pàdánù ju ojú ewé kan lẹ́ẹ̀kan. Ti sáfà, gbogbo ọdún ló ń bá ẹni tó jí i lọ.

Bí wọ́n bá bi mí, n kò ní fi sí gbogbo ihò. Kàfé tó ń ta wákàtí kan kan fún àwọn tó ń kọjá, káàdì tí wọ́n ń há, tó ní nọ́ńbà tí oníbàárà ń tẹ̀ sójú ewé ìwọlé, tó o. Lóòótọ́, ẹni tó gbọ́n lè jí nọ́ńbà MAC ẹni tó ti sanwó, kó jẹ nínú wákàtí rẹ̀. Oníkàfé á pàdánù owó díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kú. Àmọ́ ibi tí bọ́sà ti ń gba owó, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú èsì, àti gbọ̀ngàn ìdánwò bí wọ́n bá kọ́ ọ, ibẹ̀ ni kí wọ́n fi 802.1X sí, lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, pẹ̀lú sáfà méjì tí ìnífátà gbé. Wáífáì àwọn tíṣà náà yẹ fún un, nítorí pé tíṣà ń wá, tíṣà ń lọ. Ẹni tó bá ní ìyẹn kéré jù, mo gbọ́. Ẹni tó bá sì ní kò sí ẹni tí yóò máa tọ́jú sáfà méjì ní Òkè-Ọ̀dàn, òun náà kò jẹ̀bi.

Owó kọ́ ni ìdènà tó pọ̀ jù. FreeRADIUS, tó jẹ́ sáfà tí ọ̀pọ̀ àgbáyé ń lò, ọ̀fẹ́ ni láti 1999 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kọ̀ǹpútà àtijọ́ sì lè gbé e. Ìdènà ni ẹni tó fi sí i tó sì lọ. Bí wọ́n bá ṣe FreeRADIUS tí wọn kò fọwọ́ kan ètò ìwé ẹ̀rí tó bá a wá, ìwé ẹ̀rí àdánwò tí yóò ṣe fúnra rẹ̀ kì í ju 60 ọjọ́ lọ. Ẹni tó wá láti Èkó fi sí i lónìí, gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, wọ́n pọ́n omi fún un mu, wọ́n sanwó. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kọ̀ǹpútà tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí sáfà wò yóò kọ̀ ọ́ láìsí ẹni tó ṣe nǹkan kan, fóònù rẹ̀ á sì máa dún láìsí ẹni tó gbé e. Kí wọ́n tó san ìdajì owó tó kù, kí wọ́n ní kó kọ ọjọ́ tí ìwé ẹ̀rí yóò parí sára switch pẹ̀lú máákà, kí ó sì kọ́ ẹnìkan tó ń gbé ìlú náà bí wọ́n ṣe ń ṣe tuntun, kí ẹni náà ṣe é lójú rẹ̀.